Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè? Ìgbìmọ̀, Ìpinnu àti Ìtàn Àkọtọ́ Yorùbá

Ìfáárà

  

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àkọtọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìwé wa, mo bá Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, níbi tí ó ti ń ka Bíbélì rẹ̀. Mo yọjú wo ojú ìwé náà, mo sì rí i pé enia ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, wọn kò kọ èyí dáadáa. Ènìyàn ni ó yẹ kí wọ́n kọ." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ọkọ mi, ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní tíṣà wa ni. Ó ní, "Ta ni ó sọ fún tíṣà yín?" Mo ní ìjọba ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń yí i padà, ta ni wọ́n bi léèrè?" Ó wọ awò rẹ̀ padà, ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ.

N kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, Ìyá Àgbà sì ti re ibi àgbà ń rè. Èsì ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti lẹ́tà àti àmì lọ. Ó jẹ mọ́ bí àwọn ènìyàn tí ìṣòro kan náà ń bá fínra ṣe ń jókòó pọ̀, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n sì ń dé ibi ìpinnu. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀: ìgbìmọ̀. Láti ara gbìmọ̀ ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ojúsàájú: àwọn tí ń tún ìlú ṣe ń gbìmọ̀, àwọn tí ń dìtẹ̀ náà ń gbìmọ̀. Ohun tí a gbìmọ̀ lé lórí, àti ọ̀nà tí a gbà gbìmọ̀, ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Mo yan ìtàn àkọtọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nítorí pé lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kò sì sí ojú ìwé Yorùbá kan tí mo lè fi kọ́ ọmọ tí ìpinnu ìgbìmọ̀ kan tàbí òmíràn kò sí lára rẹ̀. Ìbéèrè mi sì nìyí: kí ni ìgbìmọ̀ lè ṣe tí ọ̀mọ̀wé kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, kò lè dá ṣe?

Ìṣòro náà

Kí ìgbìmọ̀ tó lè yanjú ìṣòro, ó ní láti mọ ìṣòro náà dájú. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone, ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a sì dá sílẹ̀ ní 1822, wà lára wọn. Òun ni ó di Samuel Àjàyí Crowther.

Ní 1828, Hannah Kilham, obìnrin ẹlẹ́sìn Quaker kan, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀pọ̀ èdè tí a ń sọ ní Freetown, Yorùbá sì wà nínú wọn. John Raban tẹ̀lé e láàárín 1830 sí 1832. Nígbà tí ó di 1843, Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀. Ní 1852, ó tẹ ìwé gírámà. Ẹni tí ó bá fi ìwé méjèèjì yìí wéra yóò rí i pé ọ̀nà tí Crowther gbà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní 1843 kọ́ ni ó gbà ní 1852. Ẹni tí ó mọ èdè náà jù lọ láàárín gbogbo wọn, òun náà ṣì ń wá ọ̀nà.

Kí ni ó mú un le tó bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́, lẹ́tà Róòmù ní fáwẹ́lì márùn-ún, àwa sì ní fáwẹ́lì àìránmúpè méje. Èkejì, a ní ìró méjì tí ètè àti ẹ̀yìn ẹnu jọ ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí àwọn ará Yúróòpù kò ní: ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ gbà, àti ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ pa. Ẹ̀kẹta ni ohùn. Ohùn mẹ́ta ni a ń lò, ìtumọ̀ sì ń yí bí ohùn bá yí. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ará Jámánì gbọ́, bí kálukú bá sì ti gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́. Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìjọ C.M.S. ní London, rí ewu tí ó wà níbẹ̀: bí míṣọ́nnárì mẹ́wàá bá kọ èdè kan ní ọ̀nà mẹ́wàá, ìwé wo ni a óò tẹ̀? Ìdí nìyí tí ó fi gbé ìlànà kan jáde ní 1848 fún kíkọ àwọn èdè tí a kò tíì kọ sílẹ̀ rí.

London, 1854: ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1854, Bunsen, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Prussia ní London, pe àwọn ọ̀mọ̀wé jọ láti wá álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí a lè fi kọ gbogbo èdè ayé. Lepsius, gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ Íjíbítì àtijọ́, wá láti Berlin pẹ̀lú ètò tirẹ̀. Max Müller wá láti Oxford pẹ̀lú ètò tirẹ̀. Bí a bá ń ka àwọn tí ó mọ̀ nípa lẹ́tà láyé ìgbà náà, a kò lè ka mẹ́wàá kí á má kan àwọn méjèèjì.

Síbẹ̀, ìpàdé náà tú ká láìrí ìpinnu kan ṣe. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó padà mú ètò Lepsius, tí a tẹ̀ jáde ní 1855, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tirẹ̀. Èmi kò rò pé òye ni ó wọ́n níbẹ̀. Ohun tí ó wọ́n ni ìṣòro kan tí ó dá dúró. Gbogbo èdè ayé kì í ṣe ìṣòro kan. Ẹgbẹ̀rún ìṣòro ni a so mọ́ra bí ìdì igi. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ kò sì ní fi àbájáde rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ohun tí a ń jiyàn lé lórí kò bá ní kan ẹni tí ń jiyàn, kò sí ohun tí yóò mú un gbà fún ẹnìkejì rẹ̀. Ọgbọ́n pọ̀ nínú ilé. Ohun tí yóò mú ọgbọ́n náà pàdé ara wọn ni kò sí.

Èkó, 1875: ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́

Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn èyí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875, ìpàdé mìíràn wáyé ní Èkó lórí bí a óò ṣe máa kọ Yorùbá. Crowther, tí ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, ni ó jẹ́ alága. Ìpàdé yìí kò wá ohun tí yóò bá gbogbo ayé mu. Ohun tí ó gbé e dìde ṣe tààrà: ìtumọ̀ Bíbélì ń jáde ní apá kọ̀ọ̀kan, ilé ìtẹ̀wé ń dúró, àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan.

Ìpàdé náà fi òǹtẹ̀ lu ọ̀nà ìkọ̀wé tí àwa náà jogún. Àmì ìsàlẹ̀ lórí ẹ, ọ àti ṣ dúró. A fi gb kọ ìró kan; a sì fi p nìkan kọ ìkejì rẹ̀, nítorí pé kò sí p mìíràn nínú èdè wa tí a lè ṣì í mú fún. Èyí ni mo pè ní ọgbọ́n oníṣẹ́. Ẹni tí ó ń wá álífábẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé yóò ní kp ni ó tọ́. Ẹni tí ó ń kọ Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́ yóò rí i pé lẹ́tà kan tó, àtẹ̀tẹ̀ rẹ̀ a sì yá. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá pé ní 1884, ìpinnu àwọn tí ó jókòó ní Èkó wà nínú gbogbo ojú ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo apá kejì owó náà. Kíkọ ohùn ni ó ṣòro jù lọ, òun sì ni wọ́n fi ọwọ́ fẹ́rẹ́ mú jù lọ. Bí fáwẹ́lì bá gùn, àmì kékeré kan ni a ń fi sórí rẹ̀ dípò kí á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ yóò kà á láìsí ìṣòro. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́? Wọ́n ń kọ õrun fún ohun tí ń ràn ní ojú ọ̀run, wọ́n sì ń kọ õrun fún ohun tí imú ń gbọ́. Nínú àkọtọ́ wa òde òní, oòrùn ni èkínní, òórùn ni èkejì, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú.

N kò sọ èyí láti bú àwọn àgbà wa. Gbogbo àwọn tí ó wà ní ìjókòó náà ni ó gbọ́ Yorùbá, àmì ohùn kò sì jẹ́ dandan fún wọn. Ọmọ tí yóò kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ lójú ìwé kí ó tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣojú fún un. Àìsí níbẹ̀ rẹ̀ ni ó fa àìrí ìṣòro rẹ̀.

Nígbà tí ìpinnu bá di ìsìn

Ó ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ìpinnu ọdún 1875 ní ọ̀nà tí ó ní àṣẹ. Láàárín àkókò yìí, àwọn ohun tí kò bá etí mu ti kó jọ. A ń kọ aiye, a ń kọ ẹiyẹ, a sì ń kọ aiya, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ń pe i tí ó wà láàárín wọn. Ní ìdà kejì, a ń kọ enia, y tí gbogbo wa ń pè kò sì sí níbẹ̀. Lẹ́tà pọ̀ jù níbì kan, ó dín níbòmíràn. A ń kọ nwọn fún wọn, ẹnyin fún ẹ̀yin. A ń kọ nitoripe àti biotilẹjẹpe pọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. Nínú orúkọ ìlú, a ń fi sh àti kọ́ńsónáǹtì méjì ṣe ọ̀ṣọ́: Oshogbo, Offa, Iddo.

Kí ni ó dé tí a kò tún un ṣe? Kì í ṣe pé a kò rí i. Ìwé tí a fi ìpinnu náà kọ ti di ohun mímọ́. Ènìyàn kì í dédé fi ọwọ́ kan lẹ́tà inú Bíbélì, tàbí ti ìwé orin tí ìyá rẹ̀ fi sin bàbá rẹ̀. Bí ìpinnu bá ti pẹ́ nílẹ̀, ojú kì í rí i bí ìpinnu mọ́. Bí ìṣẹ̀dá ni ó máa ń rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ohun àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó rán ara rẹ̀ létí pé ènìyàn ni ó ṣe ohun tí òun bá nílẹ̀, ènìyàn sì lè tún un ṣe.

Ìbàdàn, 1966 sí 1969, àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, nínú èyí tí ó ti yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò láti ojú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tí ó sì dábàá àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí, nítorí pé ibí yìí ni ìbéèrè mi ti mú. Ọ̀mọ̀wé kan ti rí ìṣòro náà, ó ti to ó lẹ́sẹẹsẹ, ó ti dábàá ojútùú. Kí ni ó kù? Kí ni a tún ń wá ìgbìmọ̀ fún?

Ohun tí ó kù ni pé ìwé ọ̀mọ̀wé kò lè pàṣẹ fún tíṣà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pàṣẹ fún ilé ìtẹ̀wé. Ní 1966, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà yan Ìgbìmọ̀ Àkọtọ́ Yorùbá. Ẹ rántí irú ọdún tí 1966 jẹ́. Ìjọba méjì ni ó ṣubú ní Nàìjíríà ní ọdún náà, ní ìlú Ìbàdàn gan-an ni a sì ti mú Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, ní oṣù keje, tí a sì pa á. Ní 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún ara wọn mọ́ bí kò ṣe pẹ̀lú ìbọn, ìgbìmọ̀ kan ń bẹ tí ó ń wá ìmọ̀ràn lórí bóyá i yẹ kí ó wà nínú aiye. Ẹlòmíràn lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi kò fi rẹ́rìn-ín. Ìlú tí ó bá ṣì lè jiyàn lórí ohun kékeré láìsí ìjà kò tíì bàjẹ́ tán.

Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1969. I aláìpè kúrò nínú ayé àti ẹyẹ. Y wọ inú ènìyàn. Nwọn di wọn. Sh di ṣ. Kọ́ńsónáǹtì onílọ̀ọ́po dín sí ẹyọ kan. Fáwẹ́lì tí ó gùn ni a ó kọ lẹ́ẹ̀mejì, kí kálukú lè ru ohùn tirẹ̀. Nítorí pé, àti bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, ni a ó máa kọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tí ó wù mí jù lọ nínú wọn ni ọ̀rọ̀ an àti ọn. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ìró kan náà ni wọ́n. Onímọ̀ ìró tí ó bá fẹ́ kí ìlànà rẹ̀ gún régé yóò ní lẹ́tà kan tó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé ti mọ́ ọn lára láti kọ ìtàn àti ọkàn lọ́nà kan, ìbọn àti gbọ́n lọ́nà mìíràn. A fi méjèèjì sílẹ̀: ọn lẹ́yìn ìró tí a fi ètè pè, an lẹ́yìn àwọn tí ó kù. Ìlànà pàdánù díẹ̀, àwọn òǹkàwé kò pàdánù ohunkóhun. Ẹnìkan tí ó dá jókòó sí yàrá ìkàwé rẹ̀ kì í sábà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá a dúnàádúrà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Ní 1967, a ti pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n wà ní Èkó, wọ́n sì wà ní Kwara, àṣẹ Ìbàdàn kò sì dé ibi méjì ìkẹyìn yìí. Ó di dandan kí ìgbìmọ̀ tí ó ga ju ti ìpínlẹ̀ kan lọ dá sí i. Ní 1974, Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe lórí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè fi òǹtẹ̀ lu àkọtọ́ tí a ń lò títí di òní. Láàárín ìwé Bámgbóṣé àti òǹtẹ̀ náà, ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe

Kí ni mo wá rí kọ́ nínú èyí? Ohun mẹ́ta.

Èkínní: ìgbìmọ̀ kì í sọ irọ́ di òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà rí òtítọ́ ṣáájú ẹni tí ó fi ara balẹ̀ ronú. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó sọ òtítọ́ ẹnìkan di ti gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn 1974, ènìyàn lè kọ ayé láìwí àwíjàre. Irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè Yorùbá lè jókòó láti wá ọ̀rọ̀ tí a óò fi máa kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀, tí a fi ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìn-ín-ní ní 1984, apá kejì ní 1990. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, ìgbìmọ̀ ni ó fún mi.

Èkejì: ìgbìmọ̀ tí kò bá fi àyè gba ẹni tí ó ní èrò òdì kì í ṣe ìgbìmọ̀, ègbè orin ni. Àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù lọ kì í ṣe tiwa. Ní oṣù kẹrin ọdún 1961, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ Cuba tí ó ti sá kúrò nílé, nǹkan bí 1,400, gúnlẹ̀ láti gba ìjọba lọ́wọ́ Fidel Castro. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ohun gbogbo ti dojú rú. Schlesinger, ọ̀kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn náà, kọ ọ́ ní 1965 pé òun dá ara òun lẹ́bi nítorí pé òun dákẹ́ nínú ìpàdé. Ní 1972, Irving Janis, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Yale, fi ìtàn yìí ṣàlàyé bí ìfẹ́ láti wà ní ìrẹ́pọ̀ ṣe lè pa òye àwọn ọlọ́gbọ́n kú. Ṣùgbọ́n Kennedy kan náà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn kan náà, ni ó dojú kọ ọ̀rọ̀ ohun ìjà Rọ́ṣíà ní Cuba ní oṣù kẹwàá ọdún 1962. Ní àkókò yìí, a pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí wọ́n lè máa wá àbùkù nínú èrò ara wọn, ààrẹ fúnra rẹ̀ a sì máa kúrò ní ìjókòó kí wọ́n lè sọ tinú wọn. Ogun tí ayé ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n wọn kò yí padà láàárín oṣù méjìdínlógún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbìmọ̀ ni ó yí padà.

Àwa tí a máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni ẹ̀kọ́ yìí kàn jù. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán kí ọmọdé tó la ẹnu, ohun tí ọmọdé mọ̀ yóò bá a wọ ilé. Àwọn baba wa mọ èyí kí Janis tó kọ ìwé: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò ní àgbà gbọ́n, ọmọdé gbọ́ràn.

Ẹ̀kẹta: ìpinnu kì í parí níbi tí a ti fọwọ́ sí i. Ẹni tí yóò lò ó ni yóò parí rẹ̀. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, àkọtọ́ kúrò ní ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó di ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà fi ń ṣe ìṣirò.

Àwọn tí kò sí ní ìjókòó

N óò ṣe àìdáa sí ìbéèrè Ìyá Àgbà bí mo bá parí ọ̀rọ̀ síbí. Ta ni wọ́n kò bi léèrè?

Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà kan tí ó la ilẹ̀ Yorùbá já. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ìbàdàn yàn kò lè yan ará Kétu, bẹ́ẹ̀ ni ti Nàìjíríà ní 1974 kò lè ṣe òfin fún un. Ní 1975, Orílẹ̀-èdè Benin gbé álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde, ó sì tún un ṣe ní 1990. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ dúró fún ẹ àti ọ wa, sh dúró fún ṣ, kp sì dúró fún p. Ohun tí a kọ ní ọ̀pẹ ní Ìmẹ̀kọ ni a óò kọ ní ɔ̀kpɛ ní Kétu, bẹ́ẹ̀ ìrìn àárín ìlú méjèèjì kò jìnnà. Ta ni ó jẹ̀bi? Kò sí. Ìgbìmọ̀ tiwọn ń wá lẹ́tà tí Yorùbá, Fọ̀n, Bààtọ̀nú àti àwọn èdè yòókù ní orílẹ̀-èdè wọn yóò jọ lò. Tiwa ń wá lẹ́tà tí Yorùbá nìkan yóò lò. Ìdáhùn kálukú bá ìbéèrè tí a bi í mu. Kò kàn sí ẹni tí ó bi méjèèjì pọ̀ ní ìbéèrè kan náà ní àkókò náà.

Èkejì sún mọ́ wa ju èyí lọ. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí a ń kọ lónìí, orí fóònù ni a ti ń kọ ọ́, láìsí àmì kankan. Oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti di ọ̀kan náà. A máa ń bínú sí àwọn ọ̀dọ́ nítorí èyí. Èmi náà ti bínú rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí ìjókòó ọdún 1875, mo máa ń ṣe jẹ́jẹ́. Àwọn tí ó pinnu nígbà náà fi ọwọ́ fẹ́rẹ́ mú ohùn nítorí pé wọ́n ti gbọ́ èdè náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ orí fóònù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdí kan náà. Ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ ni ọmọ tí a óò bí ní ẹ̀yìn odi, tí ojú ìwé yóò jẹ́ ìyá èdè fún un, òun náà kò sì tún sí ní ìjókòó.

Ìkádìí

Bí mo bá tún rí Ìyá Àgbà, ohun tí n óò sọ fún un nìyí. Ìyá Àgbà, àwọn kan wà tí wọ́n bi léèrè, ẹ̀yin kò sí lára wọn. Ohun tí wọ́n ṣe dára. Òun ni mo fi ń jẹun. Wọn kò sì gba ìwé yín lọ́wọ́ yín: àkọtọ́ àtijọ́ ṣì wà nínú Bíbélì ọ̀pọ̀ olùjọ́sìn títí di òní, ẹni tí ó kọ́ tuntun ṣì lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jàre mi nídìí ìbéèrè yín. Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí n mọ̀ nípa ìpinnu kan kọ́ ni bóyá ó tọ́, bí kò ṣe ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àti ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún jókòó ní ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yín, ti ìjọ yín, ti ẹgbẹ́ yín tàbí ti ìlú yín, kí ẹ tó pe ìbò, ẹ fi àga kan sílẹ̀ lófo. Kí ẹnìkan nínú yín máa wo àga náà, kí ó sì máa béèrè ohun tí ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó síbẹ̀ ìbá sọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìwé Yorùbá, ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ni ó ni àga náà.